Òkun Inú Àpótí: Ìtàn Bí Ènìyàn Ṣe Kọ́ láti Sin Ẹja àti Iyùn Pọ̀ Nínú Ilé

Bí ìyàwó bá ń lọ sílé ọkọ, tí ó so iyùn mọ́ ọrùn, tí ó so ó mọ́ ọwọ́, kò sí ẹni tí yóò bi í léèrè pé ibo ni iyùn náà ti wá. Bí Ọba bá sì jáde nínú ọlá ńlá rẹ̀, tí iyùn bo àyà rẹ̀, "Kábíyèsí" ni ó ń ti ẹnu gbogbo wa jáde. Àwa Yorùbá mọ iyùn dáradára. A fi ń ṣe ọ̀ṣọ́, a fi ń mọ ẹni tí ó lọ́lá, a sì gbà pé ara ọrọ̀ Olókun ni. Ṣùgbọ́n ojúlówó iyùn òkun tí a mọ̀ yìí, òkú ni. Egungun ẹ̀dá kan tí ó ti wà láàyè rí nínú ibú ni à ń so mọ́ ọrùn. Ìlẹ̀kẹ̀ ni ó dé ọwọ́ wa. Ẹ̀dá tí ó ni egungun kò bá a dé.

Láti ìparí ọ̀rúndún kẹẹ̀ẹ́dógún ni àwọn Potogí ti ń kó iyùn pupa wá sí etíkun wa, láti inú òkun tí ó wà láàárín ilẹ̀ Yúróòpù àti àríwá Áfíríkà. Ìtàn òwò yẹn ti wà lẹ́nu àwọn olùkọ́ wa, n kò ní tún un sọ. Ìtàn mìíràn ni mo fẹ́ sọ níhìn-ín: bí ọmọ ènìyàn ṣe gbé iyùn alààyè, òun pẹ̀lú ẹja tí ń gbé láàárín rẹ̀, kúrò nínú òkun, tí ó gbé wọn sínú àpótí dígí nínú pálọ̀. Ẹni tí ó bá gbọ́ èyí lè rò pé eré àwọn olówó lásán ni. Bí a bá tẹ̀ lé ìtàn náà dé òpin, a ó rí i pé ọ̀rọ̀ ìyè àti ikú ni ó dà lẹ́yìn ọ̀rẹyìn. A ó sì rí ohun kan tí ó yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ ìtàn máa fi ọkàn sí: pé ọ̀pọ̀ ìgbà ni orúkọ ẹni tí ó ṣe iṣẹ́ máa ń sọnù, tí iṣẹ́ náà sì ń bẹ.

Ìkòkò tí a gbé sún mọ́ iná

Kì í ṣe òní ni ènìyàn ti ń sin ẹja. Àwọn ọlọ́rọ̀ Róòmù àtijọ́ a máa gbẹ́ adágún sí ẹ̀bá òkun, wọn a jẹ́ kí omi òkun máa wọlé kí ó sì máa jáde, wọn a sì kó ẹja gígùn tí ó dà bí ejò sínú rẹ̀. Pliny, òǹkọ̀wé wọn, sọ ọ́ pé obìnrin ọlọ́lá kan tilẹ̀ fi yẹtí sí ọ̀kan nínú àwọn ẹja bẹ́ẹ̀ lára. Ní ilẹ̀ Ṣáínà, nígbà ìjọba àwọn Song, láàárín ọdún 960 sí 1279, wọ́n ti ń sin ẹja aláwọ̀ wúrà fún ẹwà. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a kíyè sí i: adágún àwọn ará Róòmù wà létí òkun, òkun fúnra rẹ̀ ni ó ń pààrọ̀ omi rẹ̀, ẹja àwọn ará Ṣáínà sì jẹ́ ẹja omi dídùn tí ara rẹ̀ le. Kò sí ẹni tí ó gbé òkun jìnnà sí òkun.

Ní ti iyùn, ohun tí ó kọ́kọ́ dí ọ̀nà ni pé kò sí ẹni tí ó mọ ohun tí ó jẹ́. Àwọn kan ní òkúta ni. Àwọn mìíràn ní igi ni, tí ó ń di òkúta nígbà tí a bá yọ ọ́ kúrò nínú omi. Ní 1706, ìjòyè ará Ítálì kan tí ń jẹ́ Luigi Marsigli gbé iyùn pupa tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ sínú omi òkun, ó rí àwọn nǹkan funfun wẹ́wẹ́ tí wọ́n yọ jáde lára rẹ̀, ó sì kéde pé òdòdó iyùn ni òun rí. Inú gbogbo ayé ọ̀mọ̀wé dùn: iyùn di igi tí ó ní òdòdó.

Ní àwọn ọdún 1720, dókítà kan tí a bí ní ìlú Marseille, Jean-André Peyssonnel, tún ọ̀rọ̀ náà wò. Ó bu omi òkun sínú ìkòkò, ó fi iyùn sínú rẹ̀, ó gbé e sún mọ́ iná. Bí omi ti ń lọ́ wọ́ọ́rọ́, "òdòdó" náà na ọwọ́ rẹ̀ jáde. Bí Peyssonnel sì ti fi nǹkan kàn án, ó kó ọwọ́ náà padà sínú. Òdòdó wo ni í sá fún ọwọ́? Peyssonnel ní ẹranko ni iyùn. Ó kọ èyí ránṣẹ́ sí ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ní Paris. Réaumur, tí orúkọ rẹ̀ gbajúmọ̀ láàárín wọn, mú ọ̀rọ̀ náà wá síwájú ẹgbẹ́ ní 1727, ṣùgbọ́n ó fi orúkọ ẹni tí ó kọ ọ́ pamọ́. Ó rò pé òun ń ṣàánú rẹ̀ ni, kí wọ́n má bàa fi í ṣe ẹlẹ́yà. Ó di ìgbà tí Abraham Trembley rí ẹ̀dá kékeré kan nínú omi dídùn ní àwọn ọdún 1740, tí ó dà bí ewéko tí ó sì ń jẹ ẹran, kí àwọn ọ̀mọ̀wé tó yí ohùn padà, tí Réaumur sì gbà pé Peyssonnel ni ó jàre. Ní ìgbà náà, Peyssonnel ti wà ní erékùṣù Guadeloupe, ó ti jìnnà sí ibi tí wọ́n ti ń pín ìyìn.

Iyùn pupa tí ó wà nínú ìkòkò yẹn, irú kan náà ni èyí tí àwọn oníṣòwò ń kó wá fún àwọn ọba àti ìjòyè ilẹ̀ wa. Ní tèmi, ìkòkò tí a gbé sún mọ́ iná yìí ni baba ńlá gbogbo àpótí iyùn tí ó wà láyé lónìí.

Ọmọ-ọ̀dọ̀ tí ń da omi

Obìnrin méjì ni ó gbé iṣẹ́ náà síwájú. Èkíní ni Jeanne Villepreux-Power, ará Faransé, tí ó ti jẹ́ aránṣọ rí ní Paris kí ó tó bá ọkọ rẹ̀ lọ gbé ní Messina ní erékùṣù Sísílì. Ní 1832 ó ṣe àpótí dígí láti fi wo ẹ̀dá òkun ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́jọ kan tí ń gbé inú ìkarahun fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. Àríyànjiyàn wà nígbà náà bóyá ẹ̀dá yìí ni ó ṣe ìkarahun rẹ̀ tàbí ó jí i gbé lọ́wọ́ ẹlòmíràn. Villepreux-Power wò ó nínú omi lójoojúmọ́, ó rí i tí ó ń tún ìkarahun tí ó fọ́ ṣe fúnra rẹ̀, ìjà sì parí. Ṣùgbọ́n etí òkun ni ó ń gbé. Omi tuntun kò jìnnà sí i.

Èkejì ni Anna Thynne, ìyàwó àlùfáà kan ní Westminster ní ìlú Lọ́ńdọ̀nù. Ní 1846 ó lọ sí Torquay, ó rí iyùn kéékèèké tí ń gbé inú omi tútù etíkun ibẹ̀, ó fẹ́ràn wọn, ó kó wọn sínú ìṣà tí omi òkun kún inú rẹ̀, ó sì gbé wọn wá sí Lọ́ńdọ̀nù. Níbo ni yóò ti máa rí omi òkun ní àárín ìlú? Èyí tí ó ń ránṣẹ́ mú wá kò tó. Ó wá rò ó pé bóyá omi náà kò nílò pípààrọ̀, bóyá afẹ́fẹ́ ni ó ń fẹ́. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń bu omi náà, tí wọ́n ń dà á láti òkè wá sílẹ̀, láti inú ohun èlò kan sínú èkejì, níwájú fèrèsé tí ó ṣí sílẹ̀, fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú tàbí márùndínláàádọ́ta lójoojúmọ́. Ní 1847 ó fi ewé òkun kún un. Iyùn náà yè, wọ́n sì bí sí i. Ó pa wọ́n mọ́ ju ọdún méjì lọ, ní ìlú tí kò gbọ́ ìró òkun.

Ta ni ó ń da omi náà? Ọmọ-ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni. Thynne fúnra rẹ̀ kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ nínú àlàyé tí a tẹ̀ jáde ní 1859. Ó ní iṣẹ́ náà lè rẹni, ṣùgbọ́n ọmọbìnrin náà kà á sí eré. Bóyá eré ni, bóyá kì í ṣe eré: a kò bi ọmọbìnrin náà, Thynne kò sì dá orúkọ rẹ̀. Lónìí, ẹ̀rọ iná ẹlẹ́tíríkì ni ó ń ru omi sókè nínú àpótí iyùn gbogbo. Nígbà tí kò ì tí ì sí ẹ̀rọ, apá ọmọ-ọ̀dọ̀ kan ni ẹ̀rọ. Òkun inú ilé kò lè wà láìsí ẹni tí yóò máa da omi.

Lẹ́yìn èyí ni àwọn ọkùnrin tí orúkọ wọn wà nínú ìwé wá dé. Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ti mú owó orí kúrò lórí dígí ní 1845, dígí sì di ohun tí kò wọ́n mọ́. Robert Warington, tí í ṣe onímọ̀ kẹ́místírì, fi ẹja aláwọ̀ wúrà méjì, ewéko àti ìgbín sínú ìkòkò dígí, ó sì kéde ní 1850 pé wọ́n ń ran ara wọn lọ́wọ́: ẹja ń mí èémí tí ewéko ń lò, ewéko ń dá afẹ́fẹ́ rere padà fún ẹja, ìgbín sì ń jẹ ewé tí ó rà. Ní 1853 wọ́n ṣí ilé ẹja fún gbogbo ènìyàn nínú ọgbà ẹranko Lọ́ńdọ̀nù, Philip Henry Gosse sì wà lára àwọn tí ó kó ẹ̀dá inú òkun wá fún un. Ní 1854 ni Gosse tẹ ìwé rẹ̀ lórí àpótí omi jáde. Kíá ni gbogbo ilé olówó ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ń fẹ́ òkun nínú pálọ̀.

Kí ni ó ti ẹ̀yìn rẹ̀ yọ? Wọ́n ya lọ sí etí òkun pẹ̀lú òòlù àti garawa. Wọ́n gbẹ́ ara àpáta, wọ́n kó ohun tí ó wà nínú ihò rẹ̀. Èyí tí ó pọ̀ jù nínú ohun tí wọ́n kó ni ó kú. Ọmọ Gosse, Edmund, kọ ọ́ sínú ìwé tí ó tẹ̀ jáde ní 1907 pé àwọn etíkun tí ó lẹ́wà ní ìgbà èwe òun ti di ahoro, àti pé ó dun bàbá òun pé ìwé òun wà lára ohun tí ó fa á. Ẹni tí ó fẹ́ràn òkun tọkàntọkàn ni ó fi ọ̀nà han àwọn tí ó kó o tán.

Ìdí tí iyùn fi ń kú

Nígbà tí ó fi di àwọn ọdún 1860, ìfẹ́ náà ti rọ̀. Ìdí rẹ̀ ni pé ohun gbogbo ń kú. Láti ìgbà náà, ó tó ọgọ́rùn-ún ọdún tí iyùn olóòrùn, irú èyí tí ń mọ àpáta ńlá nínú òkun gbígbóná, kò ṣeé sìn nínú ilé. Àwọn àgbà ní ohun tí ó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ó ju èje lọ. Ẹ jẹ́ kí a wo ohun tí ó wà lẹ́yìn ẹ̀fà náà.

Èkíní ni ìgbẹ́ àti ìtọ̀ ẹja. Ẹnikẹ́ni tí ó bá ń sin ẹja àrọ̀ ní ẹ̀yìnkùlé rẹ̀ ní Ìbàdàn tàbí Ìkòròdú mọ̀ pé bí omi bá ti bàjẹ́, òórùn rẹ̀ yóò yàtọ̀. Májèlé kan ni ó wà níbẹ̀, tí a ń pè ní àmóníà. Àrọ̀ lágídí, ó lè yọrí sókè gba afẹ́fẹ́, ó sì lè fara da omi tí ó dọ̀tí. Iyùn àti ẹja inú rẹ̀ kò lè fara dà á. Nínú òkun, àwọn kòkòrò tí ojú kò lè rí a máa jẹ àmóníà, wọn a sì sọ ọ́ di ohun tí kò ní oró tó bẹ́ẹ̀. Ní nǹkan bí 1890 ni Sergei Winogradsky, ará Rọ́ṣíà, ya irú àwọn kòkòrò bẹ́ẹ̀ sọ́tọ̀. Àwọn tí ó ń sin ẹja kò mọ̀ nípa wọn, nítorí náà ńṣe ni wọ́n ń fọ àpótí mọ́ tónítóní, tí wọ́n sì ń fọ ọ̀rẹ́ wọn dànù.

Èkejì ni ìmọ́lẹ̀. Ní 1881 Karl Brandt, ará Jámánì, fi hàn pé àwọn nǹkan tíntìntín aláwọ̀ ilẹ̀ tí ó wà nínú ẹran ara ọ̀pọ̀ ẹ̀dá òkun kì í ṣe ara ẹ̀dá náà: ewéko kéékèèké ni wọ́n, tí wọ́n fi ibẹ̀ ṣe ilé. Irú wọn ni ó wà nínú iyùn olóòrùn. Ewéko náà ń fi ìmọ́lẹ̀ oòrùn se oúnjẹ, ó sì ń fún iyùn tí ó gbà á sílé ní èyí tí ó pọ̀ nínú rẹ̀. Iyùn pupa tiwa tí a fi ń ṣe ìlẹ̀kẹ̀ kò ní irú àlejò bẹ́ẹ̀. Inú òkùnkùn ni í máa gbé. Ṣùgbọ́n èyí tí ń mọ àpáta, bí kò bá rí oòrùn, ebi yóò pa á kú.

Ẹ̀kẹta ni egungun. Iyùn ń fa èròjà ẹfun láti inú omi láti fi mọ ilé rẹ̀. Òkun tóbi, ẹfun rẹ̀ kì í tán. Ti inú àpótí a máa tán láàárín ọjọ́ díẹ̀.

Ẹ̀kẹrin ni oògùn. Bí ẹja òkun bá ṣàìsàn, oògùn bàbà ni wọ́n fi ń wò ó. Oògùn náà ń wo ẹja sàn, ó sì ń pa iyùn. Nítorí náà, ẹni tí ó bá ń sin ẹja kò lè fi iyùn sí i. Kí ni wọ́n wá ń ṣe? Ní àwọn ọdún 1950 àti 1960, nígbà tí ọkọ̀ òfurufú ti mú kí ẹja ilẹ̀ olóòrùn dé Amẹ́ríkà àti Yúróòpù, wọ́n ń fi òkú iyùn sínú àpótí. Wọ́n ń sè é, wọ́n ń fi oògùn bó o títí yóò fi funfun báláú, wọ́n sì ń yọ ọ́ jáde fọ̀ nígbàkúùgbà tí ewéko bá hù lé e. Ẹja alààyè ń lúwẹ̀ẹ́ láàárín egungun. Kí a má fi wọ́n rẹ́rìn-ín o. Àwa náà ń jó ijó ìyàwó pẹ̀lú egungun iyùn lọ́rùn.

Ọkùnrin ará Jakarta

Ẹni tí ó já okùn náà kì í ṣe ọ̀jọ̀gbọ́n, kò sì gbé Lọ́ńdọ̀nù tàbí Paris. Lee Chin Eng ni orúkọ rẹ̀, ó ń gbé ní Jakarta ní Indonéṣíà. Ní 1961 ó kọ àpilẹ̀kọ kan sínú ìwé ìròyìn àwọn olùsin ẹja ní Amẹ́ríkà, ó sì ṣàlàyé bí òun ṣe ń ṣe é. Ó bu omi òkun. Ó gbé òkúta láti ibi tí iyùn ń gbé, pẹ̀lú gbogbo ohun alààyè tí ó wà lára rẹ̀, kò fọ̀ ọ́, kò sè é. Ó kó iyùn alààyè àti ẹja sí i. Ó gbé àpótí sí ibi tí oòrùn ti ń tàn sí i. Ó fi ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ fẹ́ afẹ́fẹ́ díẹ̀díẹ̀ sínú omi kí ó lè máa yí. Ó parí.

Ohun tí gbogbo ènìyàn ń fọ̀ dànù ni Lee fi sílẹ̀. Òkúta tí ó dà bí ohun ìdọ̀tí yẹn ni ilé àwọn kòkòrò Winogradsky. Kò lo oògùn bàbà. Oòrùn Indonéṣíà bọ́ ewéko tí ó wà nínú iyùn. Ní ọwọ́ kan, ó yanjú mẹ́ta nínú ìṣòro mẹ́rin náà nípa pé kò da òkun láàmú.

Kí ni àwọn òǹkàwé rẹ̀ ṣe? Àwọn kan gbìyànjú rẹ̀ nínú yàrá tí oòrùn kò dé, ti wọn kú, wọ́n sì ní ọ̀nà Lee kò dára. Àwọn yòókù padà sí egungun wọn. Ó tó ogún ọdún kí wọ́n tó gbà pé òtítọ́ ni ó sọ. Ẹ rántí Réaumur àti Peyssonnel. Ó dà bí ẹni pé etí ayé wúwo bí ọ̀rọ̀ bá ti ọ̀nà jíjìn wá.

A kò gbọdọ̀ sọ pé Lee nìkan ni. Ní Nouméa, ní erékùṣù New Caledonia, René Catala dá ilé ẹja kan sílẹ̀ ní 1956 níbi tí iyùn alààyè ti ń gbé nínú omi òkun tí a ń fà wọlé, ó sì fi han ayé pé àwọn iyùn kan ń tan bí iná bí a bá fi irú ìmọ́lẹ̀ kan sí wọn. Ní Jámánì àti Súwísàlandì, àwọn olùsin ẹja ṣe ẹ̀rọ kan tí ń mú kí omi àpótí hó bí omi ọṣẹ, tí ìdọ̀tí sì ń bá ìhó náà jáde kí ó tó rà. Peter Wilkens tẹ ìwé jáde ní 1973, ó sì kọ́ni bí a ṣe ń kán omi ẹfun sínú àpótí láti dá ohun tí iyùn ń lò padà. Ìṣòro kẹta tí Lee kò yanjú ni èyí. Ní 1980, Walter Adey kọ́ àpótí iyùn ńlá kan sínú ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ní Washington, ó ń fi ewéko wẹ omi rẹ̀. Ní 1986, George Smit kọ ọ̀rọ̀ lẹ́sẹẹsẹ nínú ìwé ìròyìn Amẹ́ríkà nípa ọ̀nà tí àwọn ará Họ́láńdì ń gbà ṣe é, iná sì ràn. Iná ẹlẹ́tíríkì tí ó mọ́lẹ̀ gan-an wá rọ́pò oòrùn. Láti ìgbà náà ni iyùn ti ń gbé nínú ilé ní Berlin àti Chicago, níbi tí òjò dídì ti ń bọ́ lójú fèrèsé.

Ó tún hàn sí wọn pé bí a bá gé ẹ̀ka iyùn kan, tí a lẹ̀ ẹ́ mọ́ òkúta, yóò dàgbà di odidi, bí ìgbà tí a gé igi pákí tí a sì rì í mọ́lẹ̀. Nípa bẹ́ẹ̀, ẹni tí ó ní iyùn lè fún aládùúgbò rẹ̀ láìlọ sí òkun. Iyùn tí a gbin nínú ilé di ohun tí a ń pín kiri.

Jẹ̀bi ni tàbí àre?

Nísinsìnyí ọ̀rọ̀ kan àn mí. Ṣé ire ni àwọn ènìyàn wọ̀nyí ṣe òkun, àbí ibi? Ẹ̀rí ibi kò ṣòro láti rí. Láti àwọn ọdún 1960 ni àwọn apẹja kan ní Filipínì ti ń fọ́n májèlé sáyánáìdì sáàárín àpáta iyùn kí ẹja lè kún fún òòyì, kí wọ́n lè mú un láàyè fún títà. Májèlé náà sì ń pa iyùn tí ẹja ń gbé. Ẹja kékeré kan tí ó wà ní erékùṣù Banggai ní Indonéṣíà di ààyò àwọn oníbàárà ní àwọn ọdún 1990. Ní 2007 wọ́n ti kọ ọ́ mọ́ àwọn ẹ̀dá tí ó wà nínú ewu ìparun. Ní 1984 wọ́n rí ewé òkun àjèjì kan tí ó ń hù nítòsí ilé ẹja ńlá ti Mónákò, ó sì tàn ká ọ̀pọ̀ etíkun. Láti 1985 ni wọ́n ti ń rí ẹja kìnnìún, tí ilé rẹ̀ wà ní ìlà-oòrùn ayé, ní etíkun Florida. Inú àpótí ènìyàn ni wọ́n gbà pé ó ti bọ́, ó sì ń jẹ ẹja oníẹja títí di òní. Ó di dandan kí àwọn orílẹ̀-èdè fi òfin dí òwò iyùn líle. Nígbà tí ó di 1990, ìwé àdéhùn àgbáyé lórí òwò ẹranko àti ewéko tí ó wà nínú ewu ti kó gbogbo wọn sábẹ́ àkóso.

Ẹ̀rí ire dé pẹ́, ṣùgbọ́n ó wúwo. Iyùn kò lè fara da ooru tí ó pọ̀ jù. Bí omi bá gbóná ju bí ó ti yẹ lọ, iyùn a lé ewéko inú rẹ̀ jáde, a funfun báláú, bí ooru náà bá sì pẹ́, ebi a pa á kú. Ó ṣẹlẹ̀ káàkiri ayé ní 1998, ó tún ṣẹlẹ̀ ní 2016, ó sì tún bẹ̀rẹ̀ ní 2023. Ní Florida, àrùn kan tí wọ́n kọ́kọ́ rí ní 2014 ti ń pa àwọn iyùn àtayébáyé kí ooru tó tún bá wọn. Àwọn ìjọba wá yọ iyùn tí ara rẹ̀ ṣì le, wọ́n sì pín in fún ilé ẹja àti ọgbà ẹranko káàkiri Amẹ́ríkà, kí wọ́n bá wọn tọ́jú rẹ̀. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2019, ilé ẹja kan ní Florida mú kí iyùn kan tí ó rí bí òpó, tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ parun ní etíkun wọn, tú ẹyin rẹ̀ sínú omi àpótí. Ní oṣù keje 2023, nígbà tí omi etíkun náà gbóná bí omi ìwẹ̀ ọmọ tuntun, wọ́n sáré kó ẹgbẹẹgbẹ̀rún iyùn kúrò nínú òkun wá sínú àpótí lórí ilẹ̀.

Ẹ tún un gbọ́: wọ́n kó wọn láti inú òkun wá sínú àpótí, kí wọ́n má bàa kú. Ohun tí Anna Thynne ń fi ọmọ-ọ̀dọ̀ jà fún ti yí padà. Nígbà tirẹ̀, òkun ni ìyè, àpótí ni ikú.

Ìmọ̀ tí ó mú ẹyin ọdún 2019 yẹn ṣeé ṣe, apá kan rẹ̀ ti ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Horniman ní Lọ́ńdọ̀nù wá, níbi tí wọ́n ti ń fi kọ̀ǹpútà ṣe àfarawé oṣù, oòrùn àti ìgbà òkun nínú àpótí, kí iyùn lè gbà pé àkókò ìbímọ ti tó. Ilé yìí kan náà ni ó fa àwọn ohun ọlọ́lá tí àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì kó ní Benin ní 1897 lé Nàìjíríà lọ́wọ́ ní 2022. Mo rò pé ẹ̀kọ́ kan wà nínú ọ̀rọ̀ méjèèjì: kí ilé tó lè pa ohun kan mọ́ lọ́nà òtítọ́, ó gbọ́dọ̀ mọ̀ pé òun kọ́ ni ó ni ín, kí ó sì ṣe tán láti dá a padà. Àpótí kò lè gba gbogbo òkun. Iyùn tí a kó bọ́ lọ́wọ́ ooru kò ní ibi tí a ó dá a padà sí bí ooru náà kò bá dínkù. Èyí ni ibi tí ìtàn náà dé, kò sì ì tí ì parí.

Ní etíkun tiwa, iyùn kì í mọ àpáta ńlá. Odò Ọya àti àwọn ọ̀sà wa ń rọ́ ẹrẹ̀ sínú òkun, oòrùn kò sì lè là á kọjá. Bóyá ìdí nìyí tí a fi mọ iyùn ní ìlẹ̀kẹ̀ nìkan. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà kò yọ wá sílẹ̀, nítorí ọrùn tiwa ni ó ń wọ̀. Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, nígbà mìíràn tí a bá bá ọ̀rẹ́ wa lọ síbi ìgbéyàwó, tí a rí iyùn lọ́rùn ìyàwó, kí a wò ó dáradára. Ọ̀pọ̀ ọwọ́ kéékèèké ni ó kọ́ ọ, wọ́n sì ń sá fún ọwọ́ ènìyàn nígbà tí wọ́n wà láàyè. Dókítà kan rí i, wọn kò gbà á gbọ́. Ọmọ-ọ̀dọ̀ kan da omi fún irú rẹ̀ lójoojúmọ́, a kò mọ orúkọ rẹ̀. Bí ẹnikẹ́ni nínú wa bá máa kọ ìtàn kan ní ọjọ́ iwájú, yálà ìtàn òkun tàbí ti ìlú tàbí ti ilé ẹ̀kọ́ yìí, kí ó kọ́kọ́ bèèrè ẹni tí ń da omi.

Níbí ni n ó ti gbé kálámù mi sílẹ̀.